Jazz tí a ń sọ yìí kì í ṣe oògùn o

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí dátà rẹ̀ bá fẹ́ tán, kó fi pamọ́ di alẹ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Ní Agége níbí, bí ènìyàn bá pe "jazz", ohun tó kọ́kọ́ ń sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni oògùn. Wọ́n á ní wọ́n ti fi jazz mú lágbájá, wọ́n á ní jazz ń bẹ lápò tàmẹ̀dò. Kì í ṣe ìyẹn la wá sọ o, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìdè. Orin ni. Orin tí àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní ìlú New Orleans ní ohun tó lé ní 100 ọdún sẹ́yìn, tí fèrè, dùrù àti ìlù máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Hip hop sì ni èkejì, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní ràpù. Orin méjèèjì yìí ti ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé àwọn ọmọ ìjọ wa, a kò sì lè máa wò ó.

Láàárín oṣù mélòó kan, òbí mẹ́ta ló ti wá bá wa lọ́fíìsì lórí ọ̀rọ̀ orin nìkan. Ìyá kan ti gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Bàbá kan ti fọ́ tiẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún wá ń wá owó tí yóò fi ra òmíràn nítorí pé wọ́n ń fi fóònù yẹn ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé. Ẹ̀kẹta ló dùn wá jù. Ọmọ ọdún 17 ni, òun ló ń lu ìlù fún wa láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó sì ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí kò wá mọ́. Bàbá rẹ̀ ní orin Èṣù ló ń gbọ́, pé ọwọ́ tó ń lu orin Èṣù kò gbọdọ̀ kan ìlù Ọlọ́run. A bi bàbá pé orin wo gan-an? Kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní ariwo ṣáá ni. A ní kí ọmọ mú fóònù wá. Tony Allen ló ń gbọ́!

Ẹ̀yin àgbà inú wa, ẹ̀rín á pa yín. Tony Allen ọmọ Èkó, tó lu ìlù fún Fẹlá láti ìgbà Koola Lobitos títí di òpin àwọn ọdún 1970. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní rédíò kó tó di onílù gidi, àwo orin ló sì fi kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́. Ó ń tẹ́tí sí Art Blakey àti Max Roach, àwọn onílù jazz ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó wá pa tiwọn pọ̀ mọ́ ìlù ilé wa. Lọ́dún 2017 ó ṣe àwo kékeré kan fún ilé-iṣẹ́ Blue Note láti fi bu ọlá fún Blakey yẹn, orin mẹ́rin péré. Ó kú ní Paris ní 30 April 2020, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni UNESCO yà sọ́tọ̀ fún jazz kárí ayé. Àwo kékeré yẹn ni ọmọ yìí ń gbọ́ tó fi ń lu apá àga. A gbọ́ ọ pẹ̀lú bàbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlù, fèrè, dùrù. Nígbà tó parí, a bi bàbá pé ibo ni Èṣù wà níbẹ̀? Ó ní òun kò rí i, ṣùgbọ́n ariwo náà pọ̀.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. Bàbá yìí kì í ṣe ènìyàn líle. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ọba Akran. Aago méje àárọ̀ ló ń délé, ìgbà tó bá sì fẹ́ fi orí lélẹ̀ ni ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ ìlù. Ta ni kò ní bínú? Ṣùgbọ́n ìbínú oorun yàtọ̀ sí ìdájọ́ Ọlọ́run, ká má so méjèèjì pọ̀.

Ohun tí a gbà gbọ́ nìyí, a sì ń sọ ọ́ gbangba: òbí tí kò gbọ́ orin tí ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ rí, kò lè tọ́ ọmọ náà sọ́nà lórí orin. A kò ní gbogbo orin ló dára. Orin wà tó ń kọ́ ọmọ pé jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́, òmíràn ń fi obìnrin ṣe ọjà. Ìyẹn, ẹ pa á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó pa á, kí ẹ lè sọ fún ọmọ pé ibi báyìí báyìí ni mo gbọ́, ìdí rẹ̀ nìyí tí n kò fi fẹ́ ẹ nílé mi. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ á mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ. Bí ẹ bá kàn ní "Èṣù ni", íápíìsì ló máa lọ rà.

Àwọn kan á ní ibi tí orin yìí ti wá kò mọ́. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 4. Júbálì, ẹni tí Bíbélì pè ní bàbá àwọn tó ń lo dùrù àti fèrè, ìran Kéènì ni. Ìran apànìyàn! Irú dùrù yẹn náà sì ni Dáfídì fi ń lé ẹ̀mí búburú kúrò lára Sọ́ọ̀lù. Èlíṣà fúnra rẹ̀, nígbà tí ọba mẹ́ta ń dúró de ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó mọ ohun èlò orin lò ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n mú wá. Ó wà nínú Àwọn Ọba Kejì orí 3, ẹ lọ kà á.

Ilé ìjọsìn ilẹ̀ Yorùbá pàápàá ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí fà á rí. Orin tí àwọn míṣọ́nnárì mú wá, ohùn Òyìnbó ni. Bí wọ́n ṣe tú u sí Yorùbá, ohùn ọ̀rọ̀ wa wọ́, ẹlòmíràn á máa kọ ohun tí kò ní lọ́kàn. Káńọ́nù J. J. Ransome-Kuti, àlùfáà Áńgílíkà nílẹ̀ Ẹ̀gbá, wà lára àwọn tó kọ orin ìyìn tó bá ohùn Yorùbá mu. Lọ́dún 1922 ó kọrin sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Fẹlá. Ẹ mọ̀ pé a kì í gbóríyìn fún ìgbé ayé Fẹlá lórí pẹpẹ wa, a ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọjá níwájú Shrine ní Agidingbi, kó mọ̀ pé ilé àlùfáà ni ẹni tó ni orin yẹn ti jáde.

Ẹnìkan tún wà tí a fẹ́ràn jù ú lọ, tí ọ̀pọ̀ yín kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀: Fẹlá Ṣówándé. Wọ́n bí i ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 1905, àlùfáà ni bàbá rẹ̀. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kàwé, ó ń lu dùrù jazz níbẹ̀ fún owó oúnjẹ. Nígbà tó yá, òun ni wọ́n fi ṣe olórí dùrù ní Kingsway Hall, ilé ìjọsìn àwọn Mẹ́tọ́dísìtì láàárín ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọwọ́ kan náà ló fi ṣe méjèèjì. Ẹ wá African Suite tó kọ lọ́dún 1944. Òun kì í ṣe jazz o, gòjé ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ máa mọ̀ pé ọmọ wa ló kọ ọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí èyí tí a kò lè yé sọ. John Coltrane.

Ọmọ Amẹ́ríkà ni, fèrè saxophone ló ń fọn. Bàbá bàbá rẹ̀ àti bàbá ìyá rẹ̀, àlùfáà ni àwọn méjèèjì. Ó dàgbà tán, ó wọ ẹgbẹ́ Miles Davis, oògùn olóró sì mú un débi pé wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1957. Ọdún yẹn kan náà ló já ara rẹ̀ gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ló jí òun lẹ́mìí ní 1957. Ní 9 December 1964, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ, wọ́n ṣe àwo orin kan tó pè ní A Love Supreme, ó sì fi í fún Ọlọ́run bí ọrẹ. Ẹ̀rí ìgbàlà ni àwo yẹn, fèrè ló kàn fi jẹ́ ẹ.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí Yorùbá ló máa tètè yé. Apá mẹ́rin ni orin náà ní. Ìkẹrin ń jẹ́ Psalm. Coltrane kọ àdúrà sórí ìwé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú páálí àwo orin náà. Nígbà tó wá dé apá kẹrin yìí, kò kọrin, kò sọ̀rọ̀. Ó ń fi fèrè pe àdúrà yẹn ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan títí tó fi parí. Ẹni tó bá mú bébà àdúrà náà lọ́wọ́, ó lè máa bá fèrè lọ. Kí ni àwa ń pe ìyẹn? Ṣé kì í ṣe ohun tí ìyáàlù dùndún ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn? Òyìnbó kọ ìwé rẹpẹtẹ kí wọ́n tó rí i. Ọmọ onílù Ọ̀ṣogbo, ìṣẹ́jú méjì ni yóò fi mọ̀ pé ohun èlò yìí ń sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe àròsọ tiwa ni ìsopọ̀ yẹn. Coltrane mọ Yorùbá kan ní New York, Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjìdó lápá Badagry níhìn-ín, ẹni tí àwo ìlù rẹ̀, Drums of Passion, gba Amẹ́ríkà kan. Coltrane fi orúkọ rẹ̀ sọ orin lọ́dún 1962, Tunji ni orin náà ń jẹ́. Ó tún wà lára àwọn tó fi owó ran Ọlátúnjí lọ́wọ́ láti dá ilé ẹ̀kọ́ àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní Harlem. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn ni ó ti ṣeré ní 23 April 1967, wọ́n gba ohùn eré náà sílẹ̀. Oṣù kẹta sí i, Coltrane kú, ẹni 40 ọdún. (Ní San Francisco, ìjọ kan wà tó sọ ọ́ di ẹni mímọ́ tí wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri. Àwa kò bá wọn débẹ̀ o.)

A Love Supreme kò tó ìṣẹ́jú 35. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ reluwé Red Line láti Agége lọ sí Oyingbo, ẹ fi sétí lọ́jọ́ kan dípò fídíò ẹ̀fẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ lè má dùn mọ́ yín. Ẹ tún un gbọ́.

Bó bá le jù fún yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù. Ezra Collective ni wọ́n ń jẹ́. Fẹ́mi Koleoso ló ń lu ìlù, àbúrò rẹ̀ TJ ló ń ta gìtá báàsì, Ife Ogunjobi ló ń fọn trumpet. Ẹ ka àwọn orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni Fẹ́mi ti bẹ̀rẹ̀ ìlù láti kékeré, nígbà tó yá ó lọ kọ́ ìlù lọ́dọ̀ Tony Allen. Bẹ́ẹ̀ ni, Tony Allen kan náà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gba ìlù lọ́wọ́ ọmọ wa! Ní September 2023 wọ́n gba ẹ̀bùn Mercury Prize ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwo Where I'm Meant to Be. Láti 1992 tí wọ́n ti ń fún ènìyàn ní ẹ̀bùn yẹn, ẹgbẹ́ jazz kankan kò gbà á rí. Fẹ́mi gun orí ìtàgé, Ọlọ́run ló kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lójú gbogbo ayé, níbi tí àwọn mìíràn ti ń tijú láti pe orúkọ yẹn. Lẹ́yìn náà ló dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní jazz lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ti pàdé ara wọn. Ní March 2025 wọ́n tún gba ẹ̀bùn ẹgbẹ́ tó peregedé jù lọ ní Brit Awards. Lára orin wọn, ẹ gbọ́ Ajala, tí wọ́n fi orúkọ arìnrìn-àjò wa àtijọ́ sọ, kí ẹ sì gbọ́ God Gave Me Feet for Dancing. Àkọlé kejì yẹn, ẹ lè fi wàásù.

Ó ku ràpù. Èyí ló ń bí àwọn àgbà nínú jù, ó sì jẹ́ èyí tó yẹ kí Yorùbá tètè gbà. Ìlú New York ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. 11 August 1973 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, níbi àríyá kan ní Bronx tí ọmọ Jamaica kan tó ń jẹ́ Kool Herc ti ń ṣe DJ. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn máa to ọ̀rọ̀ lórí ìlù láìmí, kó máa ki ara rẹ̀, kó máa ki ọ̀rẹ́, kó máa fi ọ̀rọ̀ kan dárà mẹ́ta, ta ló kọ́ wa nìyẹn? Ẹ gbọ́ ìjálá. Ẹ gbọ́ ìyá arúgbó tó ń ki ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìdí nìyẹn tí ràpù fi mọ́ Yorùbá lẹ́nu nígbà tí Lord of Ajasa, àti Dagrin lẹ́yìn rẹ̀, mú un wá sí èdè wa. Àwo C.E.O tí Dagrin ṣe lọ́dún 2009, a kò ní kí ẹ tàn án sílẹ̀ níwájú ọmọdé, ọ̀rọ̀ líle pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ebi, ìtìjú, ìlara, ọmọ tí kò rẹ́ni gbé e dìde: bí ayé ṣe rí lójú ọmọ Mushin àti ọmọ Agége ló ń sọ. Ìjàm̀bá ọkọ̀ ló pa á ní April 2010, kò tíì pé 30 ọdún. Títí dòní, àwọn ọmọ tí wọn kò ju ọmọ ọwọ́ lọ nígbà yẹn ṣì ń fi ohùn rẹ̀ kọ́ ràpù. Báwo ni ìjọ ṣe máa wàásù fún ọmọ tí kò mọ ohun tó ń dùn ún?

Àwọn onígbàgbọ́ tó ń ṣe é náà wà. Lecrae, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe Anomaly lọ́dún 2014. Àwo yẹn wà ní ipò kìíní lórí àtẹ gbogbo orin Amẹ́ríkà àti lórí àtẹ orin gospel pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí àwo tó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Limoblaze, ọmọ Nàìjíríà, òun àti Lecrae jọ kọ Jireh (My Provider) lọ́dún 2022. Gaise Baba àti Lawrence Oyor, ẹ ò nílò kí a sọ fún yín, No Turning Back II tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2025, kò sí òpópónà tí a kò ti gbọ́ ọ. Ohun tó wù wá nínú rẹ̀ ni pé ọmọ tó ń jó o kò mọ̀ pé ìpinnu láti tẹ̀lé Jésù lòun ń fi ẹnu ara òun ṣe, kó tó mọ̀, ó ti há a sórí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ilé. A gbé e lọ sí ìgbìmọ̀ àwọn àgbà pé kí a máa ṣí họ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ìlù, kíbọ́ọ̀dù, fèrè tàbí ràpù, bóyá ọmọ ìjọ ni tàbí kì í ṣe ọmọ ìjọ. Àríyànjiyàn náà gbóná. Àgbà kan ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn á wọlé. A ní ẹni tó fẹ́ kó wọn wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, òun kò ṣe ìpàdé kó tó ṣí ilẹ̀kùn tiẹ̀. Òmíràn ní wọ́n á ba ìlù jẹ́. Òtítọ́ ni, wọ́n á bà á jẹ́. Awọ ìlù ṣeé rà lọ́jà. Màmá kan ló béèrè owó epo jẹnẹrétọ̀, ìbéèrè gidi nìyẹn, epo ti wọ́n. A fi ẹnu kò pé ìlù àti fèrè nìkan ni wọ́n máa lò nígbà tí kò bá sí iná. Ìbéèrè tó le jù wá látẹnu díkónì kan: ṣé ọmọ lè dúró lórí pẹpẹ kó ràpù láàárọ̀ Sọ́ńdè? Ìpàdé kò tíì fẹnu kò lórí èyí. Lójú tiwa, bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá mọ́, tí a ti kà á ṣáájú, tí ìgbé ayé rẹ̀ sì bá a mu, kó wá. Ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kó kọ èrò rẹ̀ sísàlẹ̀ níbí, a máa kà á, ẹ má kàn bú ara yín.

Onílù wa ti padà sídìí ìlù láti Sọ́ńdè tó kọjá. Àdéhùn tó wà láàárín òun àti bàbá rẹ̀ ni pé kò sí ìlù nílé ṣáájú aago méjì ọ̀sán.

Họ́ọ̀lù máa ṣí láti Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́fà. Ọ̀fẹ́ ni. Kí òbí bá ọmọ wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó jókòó gbọ́. Ràpù tó bá ní èébú nínú, ẹnu ọ̀nà la ti máa dá a dúró. Olùkọ́ ìlù wà, ti kíbọ́ọ̀dù wà, ti fèrè la ṣì ń wá. Bí ẹ bá mọ ẹnìkan ní Ọgbà, Ìjú tàbí Dópẹ̀mú tó mọ saxophone fọn tó sì ní sùúrù fún ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó kàn sí akọ̀wé ìjọ. Ẹni tó bá sì ní kíbọ́ọ̀dù tó ń gba eruku lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó gbé e wá, kódà bí kọ́kọ́rọ́ méjì bá ti yọ nínú rẹ̀.